Sẹtáà Lára Ògiri Màmá Mi

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹni tó bá rí i pé mò ń kanra nínú ọ̀rọ̀ yìí má bàa rò pé ìwà mi nìyẹn. Ìdájí ni mo máa ń jáde, láti ibùdó rélùwéè Barking lọ sí Thames View, láti Thames View padà sí Barking, títí ojú mi á fi máa ṣú. Tí mo bá délé lọ́sàn-án, oorun nìkan ni mo ń wá. Ẹ̀gbẹ́ Valence Park ní Dagenham, lápá ìlà-oòrùn London, nilé wa wà, nínú àwọn ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn, tó jẹ́ pé bí aládùúgbò bá wúkọ́, ẹ̀yin lẹ máa kí i pé pẹ̀lẹ́.

Nínú irú oorun ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ aládùúgbò wa tuntun. Okùn kan ni wọ́n ta: tíìn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún un ta: tíìn. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí ohùn kejì. Mo fi ìrọ̀rí bo etí. Tíìn. Mo ní, "Olúwa, kí ni mo ṣe?" Tíìn. Nígbà tó yá mo wọ sílípáàsì, mo wé gèlè mọ́rí bí ẹní ń lọ sí kóòtù, mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ìjà ni mo bá lọ, mi ò ní purọ́.

Àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn, irun wọn funfun báláú, kádígàn wọn ti já ní ìgúnpá. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti tẹrí ba fún mi. Wọ́n ní kí n wọlé, tíì ti wà lórí iná, ilé náà ò dára tó irú èèyàn bíi tèmi, kí n má wo ìdọ̀tí. Ẹni tí mo wá bá jà! Mo wọlé, mo jókòó, mo mu tíì nínú ife kékeré tí kò ní etí, pẹ̀lú hóró ṣúgà tí wọ́n ní kí n fi eyín há. Ìgbà tí mo fi máa rántí ohun tó gbé mi wá, mo ti ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn.

Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ o, tiwọn ti Amẹ́ríkà, tèmi ti Èkó tó ti pẹ́ ní Dagenham. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rántí ẹ̀, òun náà ni mo sì máa fi sọ ọ́.

Ará Páṣíà ni wọ́n ń pe ara wọn, Ìráànì táwa mọ̀ náà nìyẹn, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ orin lọ́hùn-ún. Wọ́n ní láàárín ohùn méjì tó tẹ̀lé ara wọn lórí dùùrù, àwọn olórin ilé wọn mọ ohùn mìíràn tó fara pamọ́ síbẹ̀, tí dùùrù ò ní. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ létí àwọn olùkọ́ wọn ní Amẹ́ríkà, àwọn yẹn ní ohùn wọn ti yẹ̀, kí wọ́n lọ tún un kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n lára, ó sì di iṣẹ́ ayé wọn. Wọ́n kọ ìwé ńlá lórí ohùn àárín yẹn, ìwé tí wọ́n fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Wọ́n tún ń ṣe orin tiwọn, orin tí ẹnikẹ́ni ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ọ̀kan wà tó jẹ́ kẹ́tù ni wọ́n gbé kaná lórí pèpéle, tí obìnrin kan ń bá kẹ́tù náà kọrin bó ṣe ń hó. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ohùn kan ṣoṣo ni àwọn akọrin dì mú, títí èémí kálukú fi tán.

"Ṣé àwọn èèyàn ń wá gbọ́ ọ?" ni mo bi wọ́n.

"Wọ́n ń wá," ni wọ́n dáhùn. "Wọ́n sì ń lọ kó tó parí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín yẹn ti gbó lẹ́nu wọn. Wọ́n ní yunifásítì kan ní London ló pè wọ́n wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn ti ẹ̀ka orin pa, ilé sì wọ́n jù láàárín ìlú, ni wọ́n bá ń tẹ̀lé ojú irin District bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Àwa náà, ilé tó wọ́n ló lé wa kúrò ní Peckham. "Ó ti rẹ̀ mí," ni wọ́n wí, láìṣe ẹjọ́, bí ẹní ń sọ pé òjò ń rọ̀. Mo ní ó rẹ èmi náà. Báyìí la ṣe di ọ̀rẹ́.

Màmá mi ló wá fẹ́ràn wọn jù mí lọ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni Màmá ti wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tiwọn wà ní Barking, wọ́n á wọ sùtánà funfun, ojú wọn á dán. Láti Monday, orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, orúnkún á máa ro wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò ju "tẹ́ńkíù" lọ. Ṣùgbọ́n tí aládùúgbò wa bá yọjú, Màmá á bẹ̀rẹ̀ Yorùbá Ìjẹ̀bú, àwọn náà á fi èdè Páṣíà dáhùn, wọ́n á sì jọ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní wojú èmi ògbufọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Màmá ń pè wọ́n. Òun lèmi náà á máa pè wọ́n.

Ohun tó ya Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu jù lára Màmá ni pé kò sóhun tí wọn ò lè fi kíni. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù, ẹ kú ilé. Nígbà tí Màmá gbọ́ pé tíìn tíìn yẹn niṣẹ́ wọn, wọ́n á sún mọ́ ògiri lọ́sàn-án, wọ́n á kígbe pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!" Okùn á dákẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n á fọwọ́ gbá ògiri díẹ̀ láti fi dáhùn. Èmi tó fẹ́ sùn, mo wà láàárín wọn.

Nígbà tó yá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún mi pé gbọ̀ngàn kékeré kan ní Barking ti pè wọ́n kí wọ́n wá ṣeré. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ti dé kẹ́yìn. Wọ́n ń ṣe orin tuntun fún un, àwọn fúnra wọn ló sì máa ta á. Wọ́n ní òun ni orin tí àwọn fẹ́ fi sinmi, pé tó bá dára lọ́jọ́ yẹn, àwọn ò tún ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ohùn kan ṣoṣo tó máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wá látọjọ́ yìí. Ẹ ẹ̀ rí i, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wé gèlè nìyẹn!

Nǹkan tí wọ́n ń ta náà, sẹtáà lorúkọ ẹ̀. Igi ni. Ikùn ẹ̀ kéré bí igbá ìmumi, ọrùn ẹ̀ gùn, okùn ẹ̀ tín-ín-rín. Olùkọ́ wọn ló gbé e lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé, wọn ò sì fojú kan olùkọ́ náà mọ́ títí tó fi kú. Wọ́n ní kò sí orin kan tí àwọn ṣe láyé àwọn, títí dórí ti kẹ́tù, tí kì í ṣe inú sẹtáà yẹn ni àwọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Oṣù kẹta ni ọdún tuntun tiwọn. Wọ́n pè wá. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n to ápù, aáyù, dígí àti àlìkámà tó ń hù nínú abọ́ sórí ẹ̀. Sẹtáà wà lórí àga, Màmá sì rí i. Wọ́n fọwọ́ kàn án díẹ̀.

"Háà! Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ igi! Ọwọ́ tó ṣe èyí, kò ní rọ láéláé. Ó mà dára o!"

Mo túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n tẹrí ba. "Ti Màmá ni. Kí Màmá máa mú un lọ. Kò tiẹ̀ tó nǹkan fún irú wọn."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni wọ́n rán mi, mo jẹ́ ẹ: "Wọ́n ní tiyín ni. Wọ́n ní kí ẹ máa mú un lọ."

Màmá wò mí. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní."

Màmá mi, tó jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n fi ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, wọ́n fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n ní ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti mú un, kò ní gbẹ. Wọ́n ní wọn ò ní rí àdánù. Mo ń ṣe àmín. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé tí àgbà bá na nǹkan sí ọ, o ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́, kúnlẹ̀, fọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́, kó o sì tún dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò gbé ọwọ́ kúrò láyà. Ojú wọn ṣe bákan fìrí, lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá àpò ẹ̀ jáde, wọ́n fi sẹtáà sínú ẹ̀, àwọn fúnra wọn ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa.

Màmá ní kí n kan ìṣó mọ́ ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́. Àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń fi etí ìborùn nù ún. Kò sí ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wọn tí wọn ò mú wọ yàrá: "Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fún mi. Fún èmi o, kì í ṣe ọmọ mi."

Èmi? Mo sùn. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe sùn. Ògiri dákẹ́ rọ́rọ́, mo ní ẹ ṣeun Jésù. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé ṣé irú ìdákẹ́ yìí dáa. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, tíì ṣì wà lórí iná, ṣùgbọ́n wọ́n ti rù, wọ́n kàn káwọ́ sórí itan. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ orin ńkọ́?" Wọ́n ní àwọn ń tún un rò. Nígbà mìíràn tí mo béèrè, wọ́n ní bóyá kí àwọn sọ fáwọn ará gbọ̀ngàn kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo rò pé ọjọ́ orí ni, mo ní kí wọ́n máa jẹun dáadáa.

Ọmọ wọn obìnrin ló dé láti Amẹ́ríkà, nítorí orin náà ló ṣe wá, ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ pé. Ó gbé páálí súwíìtì wá láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Màmá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, fà á lọ́wọ́ wọ yàrá. Mo tẹ̀ lé wọn. Ọmọ náà rí ògiri, ẹnu ẹ̀ là, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá láìbéèrè.

"Báwo ló ṣe débí?" ló bi mí, ohùn ẹ̀ wálẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó fọwọ́ bojú. Ó ní tàárọ́fù ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn nílé wọn. Tí àlejò bá yin nǹkan onílé, onílé gbọ́dọ̀ sọ pé tiyín ni. Àlejò gbọ́dọ̀ kọ̀. Onílé á tún sọ, àlejò á tún kọ̀, inú gbogbo wọn á dùn, kò sì sẹ́ni tó máa mú nǹkan kan lọ sílé. Tó bá jẹ́ òótọ́ lonílé fẹ́ fún un, á takú, á máa sọ ọ́ títí àlejò á fi gbà. Ó ní bàbá òun ò ní sẹtáà mìíràn, wọn ò tiẹ̀ lè ta mìíràn, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé àwọn fẹ́ ẹ padà.

Mo ní, "Yéè! Mo gbé!" Àṣé "ẹ wá jẹun" nìyẹn! Tí mo bá bá yín nídìí oúnjẹ, ẹ̀yin á ní ẹ wá jẹun, èmi á ní á gba ibi rere lọ, màá sì bá tèmi lọ. Ta ló ń fa àga? Àwa ti fa àga, a ti fọwọ́, a ti jẹ ẹran tó wà nísàlẹ̀ abọ́, a tún ti gbé abọ́ lọ.

Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n kí n tó bá Màmá sọ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́ o, mo ní ẹ jọ̀ọ́, a ṣì yín gbọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá. Ẹ̀bùn ni. Tọkàntọkàn ni. Ṣé èmi ò mọ̀ bí ìyá mi ṣe kúnlẹ̀ fún àwọn ni? Ṣé ẹni tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún á wá lọ gba nǹkan padà? Wọ́n da tíì sí ife mi.

Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Màmá fò sókè pẹ̀lú orúnkún dídùn.

"Kí n dá ẹ̀bùn àgbà padà fún un? Ṣé mo fẹ́ bú wọn ni? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́? Mo ti gbàdúrà lé e lórí. Mo ti fi í han gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Màmá, wọn ò fẹ́ fún yín ni. Ẹnu lásán ni."

"Ẹnu lásán tí wọ́n fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi?"

Láti ìdájí ni mo ti ń bá ìdúró ọkọ̀ àti ariwo ọmọ iléèwé fà á, mo sì tún délé wá bá àgbà méjì tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Èmi ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ náà pa. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo bú sẹ́kún, ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè nu imú. Màmá jáde wá, wọ́n dúró lókè orí mi.

"Ṣé ó ń dun Ọ̀jọ̀gbọ́n ni?"

"Ó ń dùn wọ́n gan-an, Màmá. Wọn ò lè ṣe orin wọn. Ọjọ́ Saturday ni."

Màmá kọjú sí ilé ìdáná. "Lọ pè wọ́n wá jẹun," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ro ìkọ́kọrẹ́ fúnra wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọmọ wọn wá, Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ tiwọn tán pátá. Mo ti ṣàlàyé fún Màmá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tí a jẹun tán, Màmá lọ gbé sẹtáà wá, wọ́n fọwọ́ méjèèjì nà án. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, tiyín ni. Ẹ máa mú un lọ."

Mo túmọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ láyà. "Rárá o. Ti Màmá ni."

Mo túmọ̀. Màmá ní, "Wọ́n ní rárá. Àgbà ti sọ̀rọ̀." Ni wọ́n bá yí padà, ó di yàrá, wọ́n fẹ́ lọ gbé e kọ́!

"Màmá! Ẹ tún un sọ!"

"Ṣé kí n máa fipá mú àgbàlagbà ni?"

"Ẹ tún un sọ jàre, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn!"

Màmá tún un sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún kọ̀. Ọmọ wọn ti gbórí lé tábìlì. Màmá tún sọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n tún kọ̀, ojú wọn ò sì kúrò lára igi yẹn. Mi ò mọ̀ mọ́ bóyá àṣà ló ń kọ̀ ọ́ ni àbí àwọn gan-an. Mo mọ̀ pé tí Màmá bá tún yí padà báyìí, ó parí nìyẹn. Ni nǹkan kan bá já nínú mi. Mo dìde, mo gba sẹtáà lọ́wọ́ ìyá mi, mo gbé e lé itan Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì pariwo lé wọn lórí ní Gẹ̀ẹ́sì, àgbàlagbà tó lè bí mi: "Ó tó! Ẹ gbà á! Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ gbà á, ó ti rẹ̀ mí!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo itan wọn. Wọ́n gbá sẹtáà mọ́ra, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ọrùn ẹ̀, wọ́n sọ nǹkan kan sí i ní èdè wọn. Ọmọ wọn ń sunkún. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ara mi ti fúyẹ́, mo kọjú sí Màmá kí n lè sọ pé a ti ṣe é.

Màmá ṣì dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì ṣì nà síwájú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rín tí a fi ń sin àlejò. Pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn lójú, wọ́n rọra bá mi sọ̀rọ̀ ní Yorùbá.

"Látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ìwọ lò ń fún mi ní gbogbo nǹkan. Ìwọ ọmọ mi ni, dandan ni kó o fún mi. Èyí nìkan ni ẹnì kan rí mi tó fún mi nítorí pé mo wù ú. Àṣé wọn ò fún mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè, omijé wà lójú wọn. "Kí ni Màmá sọ?"

Mo kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Wọ́n ní orin yín á dára lọ́jọ́ Saturday."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ láyà, wọ́n tẹrí ba fún Màmá títí orí wọn fi fẹ́ kan tábìlì.

"Kí lo sọ fún wọn?" ni Màmá bi mí.

"Mo ní ẹ ní orin wọn á dára."

Màmá rọra mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Bu omi sí i fún wọn."